Kùkùté Tí A Kò Jẹ́ Kó Gbẹ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Fífi Kùkùté Igi Ṣe Tábìlì àti Àga

Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ni ìwé yín ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, èyíinì ni kùkùté igi tí ẹ fẹ́ sọ di tábìlì, àpótí ìjókòó tàbí àga. Inú mi dùn sí i púpọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí kùkùté rere tí àwọn ènìyàn ń dáná sun nínú oko kòkó wa àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọn yóò sì tún lọ fi owó gidi ra tábìlì oníke lọ́jà. Mo yan márùn-ún nínú àwọn ìwé náà, mo sì gé díẹ̀ kúrò lára wọn kí àyè lè gbà wá.

Ìbéèrè láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá oníṣẹ́ igi. Ìjì wó ìrókò ńlá kan ní àgbàlá bàbá mi lọ́dún tó kọjá. Àwọn ẹbí ta ìtì rẹ̀ fún àwọn onípákó, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgégi tẹ́ ojú rẹ̀, mo gbé e sí pálọ̀, mo sì fi fáníìsì pa á lọ́sẹ̀ náà gan-an. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi sán láti àárín dé etí, débi pé ìka mi ń wọ inú rẹ̀. Fáníìsì náà sì ti ń ṣí kúrò. Ṣé igi náà ló burú ni, àbí èmi ni mo ṣe é?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìfaradà. Igi yín kò burú rárá. Ìrókò wà lára igi tó dára jù lọ tí ilẹ̀ wa ń hù, ikan pàápàá kì í tètè fẹnu bà á. Omi tó wà nínú kùkùté náà nígbà tí ẹ gbé e wọlé ló fa gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni omi ń gbà wà nínú igi tútù. Èkíní ni omi tó wà nínú àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí igi fi ń fa omi láti inú ilẹ̀. Èkejì ni èyí tó ti mu wọ ara ògiri àwọn ihò náà fúnra wọn. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ń gbẹ, igi yóò kàn máa fúyẹ́ ni. Ìgbà tí èkejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ni igi ń súnkì, kì í sì í súnkì bákan náà ní gbogbo ọ̀nà: bí ó ti ń súnkì ní yíyí òrùka rẹ̀ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí ó ti ń súnkì láti ọkàn igi sí èèpo. Ẹ wò ó bí ọkùnrin kan tó de ìgbànú, tí ìgbànú náà ń kúrú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ikùn rẹ̀ kò fà tó bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, ìgbànú náà yóò já. Pákó kì í ní irú ìyà yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ayùn ti gé òrùka rẹ̀ kí ó tó gbẹ, ṣùgbọ́n odindi òrùka ló wà nínú kùkùté, ọkàn igi sì wà láàárín rẹ̀.

Fáníìsì tí ẹ fi pa á ló tún dá kún un, nítorí pé omi tó fẹ́ gba òkè jáde kò rí ọ̀nà, ó sì ń ti fáníìsì náà láti abẹ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Ní ọdún kẹta tí mo gba fíríìdọ̀ọ̀mù, mo gbé àpótí kan tí mo fi kùkùté mángòrò ṣe lọ fún oníbàárà kan nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ sì mú gidigidi lọ́dún náà. Ní òru ọjọ́ kẹrin, ó sán pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí ìbọn ṣakabùlà bá dún, àwọn ará ilé sì dìde nítorí wọ́n rò pé olè ló dé. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo gbé àpótí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Bí mo bá gba ọmọ iṣẹ́ tuntun, mo máa ń ní kí ó ti ìka bọ ojú ẹ̀là náà kí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé ó tín-ín-rín lọ́dọ̀ ọkàn igi, ó sì fẹ̀ lọ́dọ̀ èèpo. Bí ìgbànú ṣe ń já nìyẹn.

Ní ti kùkùté yín, ẹ ha gbogbo fáníìsì náà kúrò, kí ẹ gbé igi náà lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yí i ká, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ń pa á. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ojú ẹ̀là náà parí sí, ẹ fi rúlà wọn bí ó ti fẹ̀ tó, kí ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sára igi náà. Ẹ máa tún un wọ̀n lóṣooṣù. Ìgbà tí ìwọ̀n náà kò bá yí padà mọ́, tí ọyẹ́ sì ti fẹ́ lù ú, ni kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe po ìyẹ̀ igi mọ́ gọ́ọ̀mù kí ẹ fi dí i nísinsìnyí, nítorí pé igi yóò tu ohun tí ẹ fi dí i jáde tàbí kí ó sán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá ti dúró, ẹ lè gbẹ́ igi dúdú kékeré kan bí ìyẹ́ labalábá méjì tó so pọ̀ láàárín, kí ẹ gbẹ́ ojú rẹ̀ sára tábìlì náà kí ó dá ojú ẹ̀là náà bùú, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù kì í wọ̀ ọ́. Òun ni yóò di í mú. Lójú tèmi, ẹ̀là tí a dì mú báyìí dára ju èyí tí a fi pamọ́ lọ, ẹni tó bá jókòó tì í yóò sì mọ̀ pé igi gidi ni.

Ìbéèrè láti Adó-Èkìtì

Olùkọ́ ni mí. Mo ní kùkùté tíìkì méjì àti ọ̀kan ti mángòrò tí mo fẹ́ wú lóko ẹbí wa. Mo fẹ́ ṣe é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, mà. Kí ẹ tó gbé ọkọ́ rárá, ẹ wò ó bóyá ó yẹ kí a wú kùkùté náà. Kùkùté tíìkì máa ń rú, bí ẹ bá sì rí èéhù tó lágbára lára rẹ̀, igi mìíràn ti wà níbẹ̀ fún yín láìgbìn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́bàá òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ọ̀pọ̀ oko wa ní Èkìtì ti rí, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ náà mú, òjò ńlá kan sì lè kó ilẹ̀ náà lọ lẹ́yìn tí ẹ bá wú u. Irú èyí, ẹ gé apá òkè rẹ̀ kí ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹ tún bi àwọn àgbà ẹbí léèrè, nítorí pé kùkùté mìíràn ni ààlà ilẹ̀, òmíràn sì jẹ́ ojúbọ. Ní ti igbó ọba, bí irú èyí tó wà ní Ìsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú igi kan níbẹ̀ láìgba àṣẹ ìjọba, ìbáà ṣe kùkùté.

Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ gbogbo yẹ̀pẹ̀ àti òkúta tó há sáàárín gbòǹgbò kí ayùn tó kàn án. Òkúta kékeré kan tó láti ba gbogbo eyín ẹ̀rọ ìgégi jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí igi náà bá ti wà nítòsí ilé, ẹ wá ìṣó àti wáyà tí wọ́n ti kàn mọ́ ọn láti ọdún pípẹ́, tí èèpo sì ti bò mọ́lẹ̀. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì rá a lára. Ìrókò tilẹ̀ ní òkúta tirẹ̀ nínú, funfun bí ẹfun ni, igi náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì le débi pé ó ń ṣáná sí ẹnu ayùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe, torí pé òun ló máa sọ bí ẹ óò ṣe gé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá kùkùté ní ìbú, wọn yóò ní pẹlẹbẹ róbótó bí ìdérí ìkòkò, inú wọn yóò sì dùn. Pẹlẹbẹ yìí gan-an ló ń sán jù lọ, nítorí odindi òrùka ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń fẹ́ ojú tábìlì, ẹ là á lóòró kí ayùn gba àárín ọkàn igi kọjá, ní ínǹṣì méjì sí mẹ́ta nínípọn. Apá ibi tí gbòǹgbò ti ya ni ìlà igi ti ń lọ́ bí omi tó ń ṣàn, ẹwà tí ẹ kò lè rí lára ìtì.

Bí ó bá jẹ́ pé odindi kùkùté lẹ fẹ́ fi ṣe àpótí ìjókòó, ẹ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ìlù. Wọ́n ń gbẹ́ inú igi tútù kúrò, ọkàn igi sì ń bá a lọ, ohun tó kù ń súnkì láìsí ohun tó ń dá a dúró. Ẹ yí kùkùté náà dojú bolẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìgégi tàbí ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ inú rẹ̀ láti ìdí, kí ẹ sì fi nǹkan bí ínǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ lókè àti yíká. Yóò fúyẹ́, yóò tètè gbẹ, sísán rẹ̀ yóò sì dínkù. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, ẹ fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ tó máa kọjú sí ògiri láti èèpo dé ọkàn igi. Ojú tí ẹ là yẹn ni yóò máa ṣí bí igi ti ń gbẹ, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò.

Ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ tí ẹ gé e gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ́ àbẹ́là tàbí kí ẹ wá ọ̀dà ilé tó ṣẹ́kù, kí ẹ fi kun ojú tí ayùn ti dá igi náà ní ìbú, torí pé ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù lọ. Ẹ má fi kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, jìnnà sí ilẹ̀ nítorí ikan. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi àpò ìdọ̀họ bò ó díẹ̀, nítorí pé gbígbẹ òjijì ló ń fọ́ igi.

Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ igi ní ilẹ̀ olótùútù máa ń lò ni ọdún kan fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan nínípọn. Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. Ìwọ̀n ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ lọ bá ẹni tó ń ra kòkó ládùúgbò yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ gbé igi náà kọ́ orí ìwọ̀n tó fi ń wọn àpò kòkó. Bí ó bá jẹ́ kílò 46 lónìí, tó di 43 lóṣù tó ń bọ̀, tó sì di 41 lẹ́yìn rẹ̀, omi ṣì ń jáde nìyẹn. Nígbà tó bá wà lójú kan náà fún oṣù méjì, ó ti bá afẹ́fẹ́ ibi tó wà dọ́gba. Ẹ wá gbé e wọ inú yàrá tí ẹ máa lò ó sí, kí ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí ẹ tó fá a. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn omi inú igi. Bí ẹ bá rí i yá, ìwọ̀n tó bá sún mọ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún dára fún igi inú ilé.

Ìbéèrè láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Bàbá mi, àpótí mángòrò tí mo ṣe ń tú ìyẹ̀ funfun sílẹ̀ ní àràárọ̀, bí èlùbọ́ tí a kù, ihò wẹẹrẹ sì wà lára rẹ̀. Ṣé ikan ni?

Ìdáhùn

Kì í ṣe ikan. Ikan máa ń mọ amọ̀ wá ni. Kòkòrò tó ń lu igi ni èyí, ohun tó sì ń wá ni oúnjẹ tí igi tọ́jú sínú apá funfun tó wà lábẹ́ èèpo, èyí tó pọ̀ lára mángòrò. Ha ohun tí o fi kun ún kúrò. Ra bọ́ráàsì àti bọ́ríìkì ásíìdì, pò wọ́n mọ́ omi gbígbóná, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yíká, títí kan abẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì fi abẹ́rẹ́ tí kò ní ẹnu mímú fín in sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ ìbọ̀wọ́, má sì ṣe gbé oògùn náà sí ibi tí ọmọdé tàbí oúnjẹ wà. Gbé àpótí náà kúrò láàárín àga yòókù, tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹ̀ tuntun bá tún hàn lórí bébà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tún un kùn. Nígbà mìíràn, inú igi tútù tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni kí o ti kun oògùn náà, kí kòkòrò tó rí i.

Ìbéèrè láti Ìlawẹ̀-Èkìtì

Ẹnì kan ní kí n máa fi epo pupa ra tábìlì kùkùté mi kí ó lè dán. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ti ń rùn. Kí ni kí n fi kùn ún?

Ìdáhùn

Epo pupa kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni òróró ẹ̀pà àti àdín. Wọn yóò wà lára igi bí wọ́n ti wà nínú ìgò, títí wọn yóò fi bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú tọ́pẹ́ńtáìnì nù ún kúrò, kí ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 há a, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 120 àti 180, kí ọwọ́ yín sì máa tẹ̀ lé ìlà igi náà. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi lè dìde, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fi 180 há a wẹ́rẹ́. Ẹ bo imú o, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìrókò tàbí ọ̀gánwó, nítorí ìyẹ̀ wọn ń dá ikọ́ àti ara yíyún sílẹ̀.

Òróró linseed tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́dà, ni mo fẹ́ràn. Ó ń gbẹ mọ́ inú igi ní tirẹ̀. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí, kí ẹ nu èyí tí igi kò mu kúrò pátápátá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín wọn, kí ẹ tó fi ìda oyin dán an. Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé: aṣọ tí ẹ fi nu òróró yìí lè gbaná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ sí igun ilé. Ẹ tẹ́ ẹ síta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbẹ gan-gan, tàbí kí ẹ rì í sínú garawa omi. Ẹ kan ẹsẹ̀ kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ abẹ́ tábìlì náà pẹ̀lú, kí ìdí rẹ̀ má bàa máa mu omi láti ara sìmẹ́ńtì.

Ìbéèrè láti Ìsẹ̀-Èkìtì

Ẹ káàsán, sà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Bàbá mi ní àga kùkùté kò ju ohun tí àwọn ẹlẹ́mu ń jókòó lé lábẹ́ igi lọ, pé olówó kò ní rà á. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni? Bí n kò bá sì fi í sílẹ̀, báwo ni kí n ṣe dá owó lé e?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, má fi í sílẹ̀. Bá mi kí bàbá rẹ dáadáa, kí o sì fi sùúrù rán wọn létí pé ìlú yín náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó sì gbẹ́ igi fún Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọba lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì rẹ̀ lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ láti ara ẹyọ igi kan. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin náà lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, àwọn ará British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ìlú náà, kò fẹ́ kó padà wálé mọ́, Ògògà sì gba àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Ohun tó sọ igi yẹn di iyebíye ni ọwọ́ tó kàn án. Kùkùté tí o kàn gé tí o sì gbé kalẹ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́mu lóòótọ́. Èyí tí o gbẹ́ inú rẹ̀, tí o jẹ́ kó gbẹ dáadáa, tí ojú rẹ̀ tẹ́ débi pé kọ́ọ̀pù kò mì lórí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, nǹkan mìíràn nìyẹn.

Ní ti owó, àṣìṣe tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ni pé ọjọ́ tí wọ́n fi fá igi nìkan ni wọ́n ń kà. Ka owó àwọn tó bá ọ wú u, owó ọkọ̀, epo ẹ̀rọ, pípọ́n eyín rẹ̀, sáńpépà àti òróró. Lẹ́yìn náà, ka oṣù tí igi náà fi gba àyè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ kí ó tó gbẹ, nítorí pé àyè náà ni ìwọ ń san owó ilé lé lórí. Kó kùkùté mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o máa gé òmíràn sí i bí èyí tó gbẹ bá ti ń jáde, kí oníbàárà tó ń kánjú má bàa mú ọ ta igi tútù. Kí o sì fi ṣísẹ́ẹ̀lì kọ orúkọ igi náà, ìlú tó ti hù, oṣù tí o gé e àti ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó gbẹ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá ní owó náà pọ̀, yí àga náà dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó kà á.